Cayman S àlòkù: èwo nínú àwọn àfikún ilé-iṣẹ́ ló yẹ kí n sanwó lé lórí?

Àkànní Leeds:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó láti ra Porsche Cayman S àlòkù, irú èyí tí wọ́n ṣe láti ọdún 2009 sí 2012, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní 987.2. Mo yan ìran kejì yìí nítorí pé bíárìn IMS (ti ọ̀pá àárín ẹ́ńjìnnì) tó kó ìdààmú bá ìran àkọ́kọ́ kò sí nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́, agbára ẹṣin 320 tó ní sì ti tó mi í lò. Ọkàn mi ti balẹ̀ lórí ìyẹn. Ohun tó ń dàrú mọ́ mi lójú ni àwọn àfikún tí ẹni tó kọ́kọ́ rà á ní tuntun sanwó fún, nítorí pé ọkọ̀ méjì tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà lè yàtọ̀ síra gidigidi nítorí àwọn àfikún wọ̀nyí, àwọn tó ń tà á sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n gbówó lérí.

Ọkọ̀ méjì ni mo ń wò lọ́wọ́. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọdún 2010. Jíà àfọwọ́yí ló ní, ó sì ní PASM, ìyẹn àwọn ṣọ́ọ̀kù tí kọ̀ǹpútà ń mú le tàbí tí ó ń mú rọ̀ bí ọ̀nà bá ṣe rí. Ìpolówó rẹ̀ sọ pé LSD náà wà nínú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ kí ọ̀kan má baà máa yí lásán. Kò ní Sport Chrono, ìyẹn àfikún eré tó ń mú kí ọkọ̀ tètè dáhùn, bíréèkì onírin ló sì wà lára rẹ̀. Ìkejì jẹ́ ti ọdún 2011: jíà PDK tó ń yí ara rẹ̀, Sport Chrono, PASM, sàlẹ́ńsà eré tó ní bọ́tìnnì tirẹ̀, àti bíréèkì seramiki tí wọ́n ń pè ní PCCB. Ó fi £4,000 wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni iye máìlì tí àwọn méjèèjì ti rìn kò jìnnà síra.

Òpin ọ̀sẹ̀ ni màá máa gbé e jáde, pàápàá sí àwọn ọ̀nà Yorkshire Dales, mo sì fẹ́ máa gbé e lọ sí pápá eré ìje lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún, bóyá Croft tàbí Oulton Park. Ẹ jọ̀wọ́, èwo nínú àwọn àfikún wọ̀nyí ló ń mú ọkọ̀ rìn dáadáa lóòótọ́, èwo ló kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́, èwo ló sì lè di ẹrù sí mi lọ́rùn lẹ́yìn tí mo bá ti rà á tán?

Mẹkáníìkì Croydon:

Ẹ kú ìmúra sílẹ̀, ọ̀gbẹ́ni Àkànní. Irú ọkọ̀ yìí ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ rà á: bí àfikún yìí kò bá sí lára ọkọ̀ náà, ṣé ẹ lè rà á fi sí i lẹ́yìn náà láìjẹ́ pé a tú ìdajì ọkọ̀ palẹ̀? Ẹ lè ra sàlẹ́ńsà eré lọ́la, kí a sì dè é tán láàárín ọjọ́ kan. Rímù ńlá náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú jíà tó wà nínú ọkọ̀, PASM àti LSD ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ fi wọ́n sí i lẹ́yìn ìgbà náà yóò ná owó tó ju èyí tí ẹni àkọ́kọ́ san lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ lọ dáadáa. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ lé owó sí. Ẹ má sanwó nítorí ariwo sàlẹ́ńsà.

Màá dúró díẹ̀ lórí LSD, nítorí pé ìpolówó kì í sábà mẹ́nu kàn án, bẹ́ẹ̀ òun ló ń yí ìwà ọkọ̀ náà padà jù. Ẹ́ńjìnnì Cayman wà láàárín, lẹ́yìn ìjókòó gan-an, àwọn táyà ẹ̀yìn ló sì ń ti ọkọ̀ síwájú. Bí ẹ bá ń jáde nínú kọ́nà tó le, ìwúwo ọkọ̀ á fì sí ẹ̀gbẹ́ òde, táyà ẹ̀yìn tó wà lápá inú á fúyẹ́, agbára ẹ́ńjìnnì á sì gba ibẹ̀ sá lọ: táyà kan á máa yí lásán, ọkọ̀ kò sì ní lọ bó ṣe yẹ. Nínú èyí tí kò ní LSD, kọ̀ǹpútà ni yóò fi bíréèkì di táyà tó ń yí náà mú. Ìyẹn tó ní ìgboro. Ní pápá eré ìje, bíréèkì ẹ̀yìn á máa gbóná láìnídìí, agbára tí ẹ sanwó fún á sì máa ṣòfò ní gbogbo kọ́nà. LSD ń so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ dé àyè kan kí ọ̀kan má baà fi èkejì sílẹ̀, kì í sì í ṣe ìgbà tí ẹ bá tẹ iná nìkan ló wúlò. Nígbà tí ẹ bá ń tẹ bíréèkì wọ kọ́nà, òun náà ni kì í jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ máa jó. Nígbà tí Porsche fẹ́ ṣe Cayman tó dá lórí eré ní tòótọ́, ìyẹn Cayman R ti ọdún 2011, wọ́n fi kílò 55 dín ìwúwo rẹ̀ kù sí ti Cayman S, wọ́n yọ rédíò àti ẹ̀rọ atútù kúrò àfi fún ẹni tó bá béèrè, ṣùgbọ́n LSD wà nínú gbogbo wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sanwó lé e.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ inú ìpolówó ṣe ẹ̀rí o. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí ìwé pélébé funfun kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tó kún fún nọ́ńbà mẹ́ta-mẹ́ta. Irú rẹ̀ kan náà wà nínú ìwé ìtọ́jú ọkọ̀. 220 ni LSD, 475 ni PASM, 450 ni bíréèkì seramiki, 250 ni PDK, 639 tàbí 640 sì ni Sport Chrono. Nọ́ńbà tí ẹ kò bá rí níbẹ̀, àfikún rẹ̀ kò ti ilé-iṣẹ́ wá, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á máa wí.

Ó wá ku bíréèkì seramiki. Ó dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìwúwo dísìkì rẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì ti irin, nítorí náà ẹsẹ̀ ọkọ̀ fúyẹ́, ọkọ̀ sì ń tètè dáhùn bí ẹ bá yí sítíárìn. Lára ọkọ̀ tuntun, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Lára ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: owó dísìkì tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ilé-iṣẹ́ lè lé ní £10,000, ooru pápá eré ìje ń jẹ wọ́n láti inú, bí ẹni tó ń yọ táyà bá sì ṣèèṣì fi rímù gbá etí dísìkì, ó lè ṣẹ́. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo etí dísìkì kọ̀ọ̀kan yípo. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n yọ wọ́n, kí wọ́n gbé wọn sórí ìwọ̀n, nítorí pé ìwọ̀n tí dísìkì kò gbọ́dọ̀ kéré sí ni wọ́n ti kọ sára rẹ̀.

Kálípà aláwọ̀ yẹ́lò kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé seramiki ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀dà ni, ẹnikẹ́ni lè kùn ún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ sí pápá ti yọ seramiki wọn pamọ́, wọ́n fi irin dípò rẹ̀, wọ́n sì fi kálípà sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí òjò bá pa ọkọ̀ mọ́jú, dísìkì irin á ti dípẹtà pupa nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́. Seramiki kì í dípẹtà, ojú rẹ̀ rí bí eérú, ẹ ó sì máa rí fọ́nrán ṣákaṣàka nínú rẹ̀ bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ wọn, ẹ bi í léèrè ibi tí àwọn ti àtijọ́ wà, nítorí pé owó ńlá ni.

Ìyá Ìbejì, Manchester:

Ẹ ṣé gan-an ni, ọ̀gá mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ ìwé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, ó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ yìí mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò bá yín lọ lórí LSD. Cayman S oní-PDK ni èmi ń wà, kò sì ní in. Ọ̀gbẹ́ni Àkànní ti sọ pé ọ̀nà Dales ni òun yóò máa gbà ní òpin ọ̀sẹ̀, àti pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún ni òun yóò máa dé pápá. Lórí àwọn ọ̀nà yẹn, tí àgùntàn lè já sí títì nígbàkígbà, tí ògiri òkúta sì sún mọ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, ẹni tó bá wakọ̀ débi tí LSD ti ń ṣiṣẹ́ ti ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn ṣeré. Ohun tí yóò máa mọ̀ lára ní gbogbo ìgbà tó bá wọkọ̀ ni ṣọ́ọ̀kù àti jíà.

PASM ni màá kọ́kọ́ béèrè. Ó fi mílímítà 10 mú ọkọ̀ sún mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ó rọ̀ débi pé ẹ lè ti Leeds dé London kí ẹ̀yìn má ro yín. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó le, ó sì dára ní pápá tí ọ̀dà rẹ̀ tẹ́jú. Lójú títì wa yìí tó kún fún kòtò, ẹ kúkú gbàgbé pé bọ́tìnnì náà wà. Ẹ tún wo rímù: ẹni tó bá rí èyí tó wà lórí rímù 18 kò pàdánù nǹkan kan, àfi ẹwà, nítorí pé táyà rẹ̀ ga díẹ̀ ju ti 19 lọ, ó sì ń gba kòtò mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ Sport Chrono ni àwọn ènìyàn máa ń sọ bí ẹni pé ohun kan náà ni lára gbogbo ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára ọkọ̀ àfọwọ́yí, ohun tí ẹ ó rí gbà ni aago orí dáṣíbọ́ọ̀dù, iná tó tètè ń dáhùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, àti kọ̀ǹpútà ìdúróṣinṣin tó ń fún yín láyè díẹ̀ sí i kó tó dá sí ọ̀rọ̀ náà. Mi ò ní san kọ́bọ̀ lé ọkọ̀ àfọwọ́yí nítorí ìyẹn. Lára PDK, ó yàtọ̀ pátápátá. Ìṣirò ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ni pé láti ìdúró dé kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ọkọ̀ àfọwọ́yí ń gba ìṣẹ́jú àáyá 5.2, PDK ń gba 5.1, PDK tó ní Sport Chrono sì ń gba 4.9, nítorí pé òun ló ń fúnni ní ọ̀nà àtifò kúrò lójú kan tí àwọn tó kù kò ní. Àmọ́ kì í ṣe ìdá díẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì sí mi. PDK tó wà ní D lásán ń sáré lọ sí jíà keje kí epo lè ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá fẹ́ ya ẹnì kan sílẹ̀, ó kọ́kọ́ máa ronú. Bí ẹ bá tẹ Sport, á di jíà tó wà nísàlẹ̀ mú, á sì máa sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti tẹ bíréèkì wọ kọ́nà. Sport Plus le ju bẹ́ẹ̀ lọ, pápá nìkan ló dára fún. PDK tí kò ní Sport Chrono, ẹ má sanwó rẹ̀ bí ẹni tó ra ọkọ̀ tó pé.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara yín dán wò. Sítíárìn tó bá PDK ìgbà yẹn wá kò ní ètè tí ẹ ó máa fà bíi ti ìsinsìnyí. Bọ́tìnnì ló ní, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan: ẹ ó fi àtàǹpàkò tì í kí jíà lè gòkè, ẹ ó sì fi ìka fà á láti ẹ̀yìn kí ó lè sọ̀kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Àwọn kan sanwó lé e kí wọ́n lè gba sítíárìn tó ní ètè méjì, ọ̀tún fún òkè, òsì fún ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rí PDK méjì tí gbogbo nǹkan wọn dọ́gba, èyí tó ní ètè ni kí ẹ mú.

Sàlẹ́ńsà eré, ó dùn ún gbọ́. Kí ẹ ṣáà rántí pé àwọn pápá kan, bíi Bedford Autodrome àti Goodwood, kì í gba ariwo, wọ́n sì lè dá ọkọ̀ yín padà lẹ́nu ọ̀nà bó bá pariwo jù. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ pa kí ẹ tó débẹ̀.

Àkànní Leeds:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti lọ wo ti àkọ́kọ́, mo sì ṣe bí ọ̀gá mẹkáníìkì ṣe wí. Mo rí 475 lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mi ò rí 220. Nígbà tí mo bi ẹni tó ni ọkọ̀ náà, ó ní ẹni tó ní in ṣáájú òun ló fi LSD sí i, kò sì ní ìwé kankan láti fi hàn mí. Ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí ènìyàn fi lè mọ̀ láìtú jíà palẹ̀?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún jẹyọ nílé. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ìyàwó mi jẹ́ ti ọtọmátíìkì nìkan, ó sì ti sọ fún mi kedere pé ọkọ̀ tí òun kò bá lè wà kò ní gba owó nínú àpamọ́ àwa méjèèjì.

Ìyá Ìbejì, Manchester:

Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ wá ń béèrè LSD lọ́wọ́ wa. Ìyàwó yín ti dá ẹjọ́ náà kí a tó jókòó. Òfin ìlú yìí kò gba ẹni tó ní ìwé ọtọmátíìkì láyè láti wa ọkọ̀ àfọwọ́yí, àfi kó tún ìdánwò ṣe. PDK ni ẹ ó rà. Ẹ bá mi kí i.

Mẹkáníìkì Croydon:

Màá dáhùn ti LSD yẹn síbẹ̀, nítorí àwọn mìíràn tó ń kà á. Ẹ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì kúrò nílẹ̀, ẹ fi nǹkan tó lágbára ti ọkọ̀ lẹ́yìn, ẹ fi jíà sí òmìnira, ẹ sì tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Kí ẹ wá fi ọwọ́ yí táyà kan. Bí èkejì bá ń yí lọ sí ọ̀nà òdìkejì wẹ́rẹ́, LSD irú ti ilé-iṣẹ́ kò sí níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé àwọn abala inú rẹ̀ ti jẹ tán. Bó bá ń yí sí ọ̀nà kan náà pẹ̀lú èyí tí ẹ mú, ó wà, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Irú kan wà tó jẹ́ eyín-eyín nínú, tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ṣe. Ìyẹn lè yí sí òdìkejì kó sì tún jẹ́ ojúlówó, nítorí náà rísíìtì nìkan ló lè jẹ́rìí rẹ̀. Mi ò sọ pé ohun tí wọ́n fi sí i lẹ́yìn ìgbà kò dára o. Nígbà mìíràn ó dára ju ti ilé-iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, bí ẹ kò bá sì lè sọ ohun tó jẹ́ àti ẹni tó dè é, kí lẹ ó sọ fún wọn?

Ìyá Ìbejì, ẹ jàre mi lórí ọ̀nà Dales, mo gbà. Àmọ́ bí ọ̀gbẹ́ni yìí bá lọ sí Oulton Park lẹ́ẹ̀kan tí ó gbádùn rẹ̀, kò ní jẹ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún mọ́. A ti rí wọn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Milton Keynes:

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ eré, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ owó. £4,000 tí ọkọ̀ kejì fi wọ́n lé yẹn, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ń gba owó seramiki lọ́wọ́ yín bí ẹni pé èrè ni, bẹ́ẹ̀ gbèsè ló lè jẹ́. Bí àwọn dísìkì náà bá ti sún mọ́ ìwọ̀n tí wọn kò gbọ́dọ̀ kéré sí, ó yẹ kí owó ọkọ̀ náà lọ sílẹ̀ ju ti èyí tó ní bíréèkì irin lọ, kì í ṣe kó gòkè. Ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ìwé ìwọ̀n náà síwájú rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹni tó mọ ohun tó ń tà, yóò yé e.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìtàn MOT rẹ̀ (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún) lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan lẹ nílò. Kì í ṣe bóyá ó yege nìkan lẹ ń wá. Ẹ ka ìkìlọ̀ tí àwọn olùyẹ̀wò kọ sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Bí ẹ bá rí i pé táyà ẹ̀yìn ń jẹ lápá inú léraléra, tàbí pé wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ dísìkì sílẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ ti mọ irú ọwọ́ tó ti ń wà á. Ẹ tún sanwó fún àyẹ̀wò gbèsè, kí ẹ má lọ ra ọkọ̀ tí báńkì ṣì ní ẹ̀tọ́ sí.

Owó orí ọkọ̀ náà kò yẹ kó já yín láyà lójijì. Àwọn ọkọ̀ ọdún wọ̀nyí, èéfín tó ń jáde lára wọn ni ìjọba fi ń díwọ̀n owó tí ẹ ó san lọ́dọọdún, ààlà tó sì ń dunni jù fún irú ọkọ̀ yìí wà ní gíráàmù 225 fún kìlómítà kan. Èyí tó bá kọjá rẹ̀ bọ́ sí ìpele tó wọ́n gan-an. PDK sábà máa ń kéré sí àfọwọ́yí níbẹ̀, ẹ wo àlàfo V.7 nínú ìwé V5C (ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀) kí ẹ rí nọ́ńbà náà fúnra yín. Ọ̀pọ̀ kì í wò ó títí ìwé owó orí á fi dé.

Bó bá jẹ́ ọwọ́ oníṣòwò lẹ ti ń rà á, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ọkọ̀ tó ní àléébù padà kí ẹ sì gba owó yín. Bó bá jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀, ààbò yín kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àyẹ̀wò ṣáájú ìgbà tí owó yóò kúrò lọ́wọ́ yín ṣe pàtàkì jù. Mo tún ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn yóò wà á fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sílé. Ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ ìlú yìí wà, Nàìjíríà sì ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì láti ọdún 1972. Ẹ tà á síbí.

Àkànní Leeds:

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ oníṣòwò ni èkejì wà. Mo ti sọ fún un pé n ó mú ẹni tó mọṣẹ́ wá láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbà, ṣùgbọ́n ó ń kùn pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yọ dísìkì ọkọ̀ òun. Kí ni ẹni tó bá lọ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ wò yàtọ̀ sí bíréèkì?

Mẹkáníìkì Croydon:

Kó gbé ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà Porsche dání, kó sì tẹ àkọsílẹ̀ ìyípo ẹ́ńjìnnì jáde. Kọ̀ǹpútà náà pín ìyípo tó kọjá ààlà sí ìpele mẹ́fà. Ìpele kìíní sí ìkẹta kò gbọ́dọ̀ já yín láyà. Ìkẹrin sí ìkẹfà ni ọ̀rọ̀ wà. Ọkọ̀ àfọwọ́yí ló sábà máa ń ní in, nígbà tí ẹni tó ń wà á bá fẹ́ fi jíà sí ìkẹrin tí ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí ìkejì. PDK kì í gba irú rẹ̀ láyè, nítorí náà bí ẹ bá rí nọ́ńbà ńlá níbẹ̀ lára PDK, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Kó béèrè rísíìtì ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì PDK. Jíà yẹn kì í sábà ṣe wàhálà, àmọ́ ìgbà tó bá ṣe é, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kó wo ọjọ́ orí táyà, nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, kó sì wò bóyá àmì N tí Porsche ń fi sí táyà tó fọwọ́ sí wà lórí gbogbo wọn. Oníṣòwò tó polówó ọkọ̀ pẹ̀lú seramiki àti Sport Chrono, tó wá fi táyà olówó pọ́ọ́kú sí i, ó ti sọ ìtàn ọkọ̀ náà fún yín.

Lẹ́yìn náà, kó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú àwọn ihò bọ́ńpà iwájú lọ́tùn-ún lósì. Àwọn rédíétọ̀ àti ẹ̀rọ atútù wà lẹ́yìn ibẹ̀, ewé gbígbẹ a sì máa kó jọ sí iwájú wọn, á gba omi àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù, á sì máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jò. Ó ya mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń fi wákàtí kan jiyàn lórí àfikún tí wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ wo ibẹ̀ rí.

Ní ti dísìkì, bí kò bá gbà kí wọ́n yọ wọ́n, ẹ ní kó fúnra rẹ̀ gbé ọkọ̀ náà lọ sí ilé-iṣẹ́ Porsche kí wọ́n yẹ bíréèkì rẹ̀ wò, kí ó sì fún yín ní ìwé tí wọ́n bá kọ. Bó bá kọ èyí náà, ẹ má bá a ṣe.

Ìyá Ìbejì, Manchester:

Ẹ má sì rò pé èyí nìkan ló wà lọ́jà. Wọ́n ta LSD fún PDK náà nígbà yẹn, kò kàn pọ̀ ni. Ẹ wá PDK tó ní 640, 475 àti bíréèkì irin. Bó bá bá 220 dé, kí inú ọ̀gá mẹkáníìkì dùn. Bí ẹ bá rí i, ẹ lè fi rímù 18 àti táyà tuntun dá ara yín lọ́lá pẹ̀lú owó tí ẹ kò san fún seramiki.

Àkànní Leeds:

Oníṣòwò náà ti gbà láti gbé e lọ fún àyẹ̀wò bíréèkì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó ní èmi ni n ó san owó rẹ̀ bí n kò bá ra ọkọ̀ náà. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Ní báyìí ná, mo ti rí òmíràn ní ìhà Bristol, PDK ti ọdún 2010, bíréèkì onírin, sítíárìn rẹ̀ ní ètè méjì. Mo ti kọ̀wé sí ẹni tó ni ín pé kó ya fọ́tò ìwé tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi.